Ààrẹ dúró nílé, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lọ sí Washington: kí ló wà nídìí ìrìn-àjò tí Tinúbú sún síwájú àti aáwọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú Amẹ́ríkà?

Láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ti gba ẹnu tẹrú tọmọ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ ló sì ń ta ko ara wọn. Àwọn kan ní Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti fẹ́ lọ pàdé Donald Trump, àwọn kan ní irọ́ ni. Àwọn mìíràn ń béèrè ìdí tí Ààrẹ fi pa ìrìn-àjò South Africa tì ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ètò ààbò, ń bá àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà jókòó. Bí a bá to àwọn ọjọ́ náà tẹ̀ léra, tí a sì mọ àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro yé.

Kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ló sì ṣe tẹ̀ léra?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, Trump kéde lórí ìkànnì Truth Social pé òun ti fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ń fi ojú burúkú wò nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó fi kún un pé bí ìjọba Nàìjíríà bá ṣì ń fàyè gba pípa àwọn Kristẹni, Amẹ́ríkà yóò dá gbogbo ìrànwọ́ dúró, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọlé tìbọntìbọn. Ó ní òun ti pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ ológun òun kí wọ́n múra sílẹ̀. Tinúbú fèsì lọ́jọ́ náà pé àwòrán tí wọ́n ya Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí kò gba ẹ̀sìn mìíràn láyè kì í ṣe òótọ́, àti pé ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ẹlẹ́sìn gbogbo.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò mú un rọrùn láti rí bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní Maga, ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n pa igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì kó ọmọbìnrin 25 lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ya wọ ìjọ Christ Apostolic Church ní Eruku, ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ, fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì tàn káàkiri ayé nítorí pé ìjọ náà ń gbé ìsìn wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 21, wọ́n tún kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ó lé ní 300 ní ilé-ẹ̀kọ́ St Mary's ní Papiri, ìpínlẹ̀ Niger. Ọjọ́ márùn-ún péré ni gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀, ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ìrìn-àjò kún inú ìwé ètò Ààrẹ jù.

Kí ni orúkọ tí Amẹ́ríkà fún Nàìjíríà túmọ̀ sí?

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní CPC (Country of Particular Concern, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọni lóminú) wá láti inú òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1998 lórí òmìnira ẹ̀sìn kárí ayé. Òfin náà ní kí ìjọba Amẹ́ríkà máa yẹ ìwà àwọn orílẹ̀-èdè wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa dárúkọ ìjọba èyíkéyìí tí ó bá ń fi ìyà tó burú jáì jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀sìn, tàbí tí ó bá ń fàyè gba ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí gbólóhùn kejì yìí, ìyẹn fífàyè gbà, ni gbogbo àríyànjiyàn ọ̀hún dúró lé. Kò sí ẹni tí ó ní ìjọba Abuja ń rán ọmọ ogun lọ pa Kristẹni. Ohun tí àwọn tí ń pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ń sọ ni pé bí abúlé kan náà bá ń jóná lọ́dọọdún, tí ọwọ́ òfin kò sì tẹ ẹnikẹ́ni, tí a kò rí ẹni tí adájọ́ dájọ́ fún, ìjọba tí ń wò ó bẹ́ẹ̀ ti fàyè gbà á. Ìjọba Nàìjíríà ní ọ̀tọ̀ ni kí agbára ẹni má ká nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fọwọ́ sí i, àti pé Mùsùlùmí pẹ̀lú ń kú lọ́wọ́ àwọn agbébọn náà, pàápàá ní Zamfara, Katsina àti Borno.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà ìjọba Trump àkọ́kọ́, wọ́n fi Nàìjíríà sínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìjọba Joe Biden yọ ọ́ kúrò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Antony Blinken, akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, wá sí Abuja. Inú bí ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1998 fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí òmìnira ẹ̀sìn, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí ó fẹ́ kí orúkọ Nàìjíríà padà sínú ìwé náà ti ń lọ láti ẹnu ọ̀nà aṣòfin kan dé òmíràn ní Washington.

Ó yẹ kí a fi ohun kan sọ́kàn: kíkọ orúkọ nìkan kì í ṣe ìjẹníyà. Òfin náà to oríṣiríṣi ìgbésẹ̀ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà lè gbé sílẹ̀, láti orí ìbáwí dé orí dídá ìrànwọ́ àti okòwò dúró, ó sì tún fún un láyè láti yẹ ìyà sílẹ̀ bí ó bá rí i pé ire Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìhalẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá fi ba ènìyàn lẹ́rù ju orúkọ lọ, nítorí kò sí ibì kankan nínú òfin náà tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ogun.

Kí ló dé tí Ààrẹ kò fi lọ sí Johannesburg?

Ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ni ó yẹ kí Tinúbú gbéra. Johannesburg ni ó kọ́kọ́ ń lọ, fún ìpàdé àwọn olórí G20, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù lágbàáyé, ní ọjọ́ 22 àti 23, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ G20. Ààrẹ Cyril Ramaphosa ló pè é gẹ́gẹ́ bí àlejò. Láti ibẹ̀ ni yóò ti kọjá sí Luanda, olú-ìlú Angola, fún ìpàdé àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù ní ọjọ́ 24 àti 25.

Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lọ gan-an ni Báyọ̀ Onanuga, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn, fi àtẹ̀jáde síta pé Ààrẹ ti sún ìrìn-àjò náà síwájú. Ohun tí ó sọ ni pé Ààrẹ ń dúró de àbọ̀ Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima, tí ó rán lọ bá àwọn ará Kebbi kẹ́dùn, ó sì ń dúró de ìròyìn àwọn ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Eruku. Gómìnà ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn agbófinró sí i, Ààrẹ sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó wọn lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ìdí náà sì yé.

Àwọn kan tún so ó mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Trump ti sọ ṣáájú pé kò sí aláṣẹ Amẹ́ríkà kankan tí yóò lọ sí ìpàdé Johannesburg, ó ní wọ́n ń ni àwọn aláwọ̀ funfun lára ní South Africa. Wọ́n wá ń béèrè bóyá Abuja ń ṣọ́ra kí wọ́n má báa rí Ààrẹ rẹ̀ ní ibi tí Washington kò fẹ́. Ilé-iṣẹ́ Ààrẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, Nàìjíríà kò sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìpàdé náà, nítorí pé Shettima lọ dípò ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí pé Shettima lọ, àwọn kan ti ń pè é ní adelé Ààrẹ, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Abala 145 ìwé òfin ọdún 1999 ní bí Ààrẹ bá ń lọ fún ìsinmi, tàbí tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, nígbà náà ni igbákejì rẹ̀ yóò di adelé. Kí Ààrẹ ní "lọ bá mi jókòó níbẹ̀, kí o ka ọ̀rọ̀ mi" kò gbé àṣẹ Ààrẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló ń ṣètò ọjọ́ Ààrẹ?

Kì í ṣe ẹnì kan. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ, ni ọ̀pọ̀ ìwé àti àbá ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Akọ̀wé àgbà tí ó wà ní ọ́fíìsì Ààrẹ, Hakeem Muri-Òkúnọlá, ń bójú tó ẹni tí yóò rí Ààrẹ àti ìgbà tí yóò rí i. Ọ́fíìsì olórí ètò ìlànà àlejò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní prótókọ́ọ̀lù, ni ó ń bá ìlú tí a ń lọ jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe gba Ààrẹ ní pápákọ̀ òfuurufú, ibi tí yóò jókòó sí, àti ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń kọ àlàyé lórí ohun tí a ń wá lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sì máa ń ṣáájú lọ wo òtẹ́ẹ̀lì àti ojú ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi ń to èyí ni pé ìrìn-àjò tí a bá sún síwájú ní ọjọ́ tí a ó gbéra kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì kan tí a dá padà. Gbogbo ìjíròrò ẹlẹ́ni méjì tí wọ́n ti fi sí ẹ̀gbẹ́ ìpàdé ńlá náà ló tú ká. Olórí orílẹ̀-èdè lè fi ogún ìṣẹ́jú bá olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ohun tí ìwé kò parí fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n igbákejì tí ó lọ dípò kò lè ṣàdéhùn ju ohun tí wọ́n rán an lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ribadu ló lọ sí Washington, tí kì í ṣe mínísítà?

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ìyẹn ọjọ́ kejì tí Ààrẹ sún ìrìn-àjò rẹ̀ síwájú, Ribadu bá Pete Hegseth, olórí ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àti Ọ̀gágun Dan Caine, olórí àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, ṣèpàdé. Kò dá lọ. Mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Bianca Odumegwu-Ojukwu, wà pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Lateef Fágbèmí tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, àti Ọ̀gágun Olúfẹ́mi Olúyẹdé, olórí gbogbo ọmọ ogun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ kéékèèké fún ọ̀rọ̀ Áfíríkà nínú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, tí Chris Smith jẹ́ alága rẹ̀, jókòó láti gbọ́ ẹ̀rí lórí Nàìjíríà.

Yusuf Tuggar ni mínísítà àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Òun ni ó wà ní Berlin ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, tí ó ń ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé ìwé òfin Nàìjíríà kò gba kí ìjọba fìyà jẹ ẹlẹ́sìn. Ṣùgbọ́n ìhalẹ̀ Trump gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ológun kọjá, ohun tí Amẹ́ríkà sì fẹ́ gbọ́ ni ti ìròyìn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ohun ìjà àti ibi tí àwọn apániláyà wà. Olùdámọ̀ràn ètò ààbò ni àwọn ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọdún 1986 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò ló fi ìpìlẹ̀ ipò náà lélẹ̀, ìwé òfin ọdún 1999 sì kà á mọ́ àwọn tí ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ribadu, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún EFCC, ti wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì. Mínísítà gbọ́dọ̀ kọjá níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kí ó tó wọlé. Olùdámọ̀ràn kò kọjá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ààrẹ nìkan ló gbé e dé ipò, Ààrẹ sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yọ ọ́. Ìyẹn ni agbára rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀ mọ̀ pé etí Ààrẹ kò jìnnà. Ìyẹn náà ni àbùkù tí àwọn kan rí, nítorí pé àwọn aṣòfin kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ láti bi í ní ohun tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ lórúkọ wa. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, orúkọ tí ìlàrí ń jẹ́ jẹ́ apá kan iṣẹ́ tí Aláàfin rán an; bí ìlú bá ti gbọ́ irú ìlàrí tí ó ń bọ̀, wọ́n ti mọ ohun tí ọba ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni Washington ṣe ka ìkọ̀ tí Ribadu kó lọ: ọlọ́pàá, ológun àti amòfin ni wọ́n, kò sí oníṣòwò láàárín wọn.

Àbájáde ìpàdé náà ni ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan lórí ààbò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, Tinúbú fọwọ́ sí àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà nínú rẹ̀, Ribadu sì ni olórí wọn.

Níbo ni àwọn aṣojú wa wà nígbà náà?

Wọn kò sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Tinúbú pe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ òkèèrè padà wálé. Tuggar sọ lẹ́yìn náà pé owó ló ń dí yíyan àwọn tuntun lọ́wọ́. Fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì, adelé ni ó ń dá ilé-iṣẹ́ aṣojú wa ní Washington, London àti ibòmíràn dúró. Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní adelé dáadáa: ó lè jókòó, ó lè gba àlejò, ṣùgbọ́n kò dé adé. Nígbà tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ń kọ àbá òfin lórí Nàìjíríà, kò sí aṣojú pátápátá kan tí yóò kan ilẹ̀kùn wọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ni Ààrẹ fi orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà: Ayọ̀délé Òkè, Káyọ̀dé Àrẹ àti Amin Dalhatu. Orúkọ 32 mìíràn tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìfọwọ́sí àwọn aṣòfin kò tíì parí iṣẹ́ náà, nítorí ìlú tí aṣojú ń lọ gbọ́dọ̀ gbà á kí ó tó gbéra.

Ṣé gbogbo olùrànlọ́wọ́ Ààrẹ ló lè fọhùn lórúkọ rẹ̀?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé jù. Lẹ́yìn ìhalẹ̀ Trump, Daniel Bwala, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ìbánisọ̀rọ̀ nípa ètò ìjọba, sọ pé Nàìjíríà kò kọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà bí ó bá ti bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ wa, ó sì kọ ọ́ pé àwọn Ààrẹ méjèèjì yóò pàdé láìpẹ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn mìíràn fi gba ìgboro pé Tinúbú ń lọ bá Igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà, JD Vance, ni Bwala fúnra rẹ̀ tún jáde láti sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá parí, oṣù Kejìlá náà parí, àwọn Ààrẹ méjèèjì kò pàdé.

Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ bá dárúkọ ìpàdé tí ìlú kejì kò tíì kéde, ó ti fi ọ̀gá rẹ̀ sí ipò ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìyẹn ni òye tí iṣẹ́ agbẹnusọ ń béèrè. Ìwé òfin, ní abala 151, gba Ààrẹ láyè láti yan àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni ó fún wọn. Abala 148 ní àwọn mínísítà àti igbákejì ni Ààrẹ yóò máa bá jókòó láti pinnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yóò gbà. Ohun tí mínísítà tàbí àtẹ̀jáde ilé-iṣẹ́ Ààrẹ bá sọ ni kí òǹkàwé fi ṣe òdiwọ̀n nígbà tí ohùn bá pọ̀.

Kí ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń sọ?

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù méjì nínú ìjọ Kátólíìkì fi hàn pé àwọn Kristẹni pàápàá kò sọ ohùn kan. Bíṣọ́ọ̀bù Wilfred Anagbe ti Makurdi lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2025 lórí ìyà tí ó ń jẹ àwọn àgùntàn rẹ̀ ní Benue. Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Kukah ti Sokoto, ní tirẹ̀, kìlọ̀ ní oṣù Kẹwàá pé kí wọ́n má tún fi Nàìjíríà sínú ìwé náà, pé yóò mú ìjíròrò láàárín ẹlẹ́sìn ṣòro. Àwọn ènìyàn bá a wí gidigidi. Àwọn méjèèjì ń sin òkú àwọn ènìyàn wọn. Ọ̀nà àbáyọ ni wọn kò fi ojú kan náà wò.

Ní ìta, ilẹ̀ Ṣáínà ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sìn ṣe àwáwí láti dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. ECOWAS pẹ̀lú sọ pé àwọn apániláyà kì í bi ènìyàn léèrè ẹ̀sìn kí wọ́n tó pa á.

Ibo ni ọ̀rọ̀ dé, kí ló sì kan àwa?

Ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, Amẹ́ríkà ju ohun ìjà sí àwọn apániláyà ní Sokoto. Trump ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Tuggar ṣàlàyé pé Nàìjíríà ló fún wọn ní ìròyìn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, pé òun àti Marco Rubio, akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àti pé Tinúbú fọwọ́ sí i. Àfọ́kù ohun ìjà náà bọ́ sí Jabo ní Sokoto, ó sì bọ́ sí Ọ̀fà ní Kwara, ọ̀nà jíjìn réré sí ibi tí wọ́n fojú sùn. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìhalẹ̀ ti di iṣẹ́ àjọṣe láàárín oṣù méjì, ìkọ̀ tí ó lọ sí Washington ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ló sì la ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní ìjọba yí ewu padà di ìrànwọ́. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń béèrè ìwé àdéhùn tí ó sọ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dúró sí, tí àwọn aṣòfin lè kà.

Ìpàdé ààbò kò sì yanjú gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kalẹ̀, Trump fọwọ́ sí àṣẹ tí ó dín físà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà lè gbà kù: ti àbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹni tí ó fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀. Ìdí méjì tí àṣẹ náà sọ ni àwọn apániláyà tí ó wà nílẹ̀ wa àti àwọn tí ń dúró kọjá ọjọ́ tí físà wọn gbà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Houston tàbí Chicago, tí ó fẹ́ lọ ṣe ìtọ́jú ọmọ, wà lára àwọn tí ó kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì, tí kò tíì gba físà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2026 ni àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.